Ẹ̀rọ Tó Ń Wa Kọ́ìnì Nínú Ilé Òròmọdìẹ

“Ẹ̀rọ kan ò tíì sí láyé yìí tó máa gbóná kọjá ibi tí mo bá ní kó gbóná dé.”

Ohun tí Injíníà sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìyẹn. Ó dúró sáàárín ilé òròmọdìẹ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò bí ẹni tó wá ra gbogbo oko náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀. Ó ní tí a bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé á ti máa káàánú òun kí ẹ tó mọ ohun tí òun ṣe.

Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúnáwá ni Injíníà ń tún ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà, a ò ní parọ́ mọ́ ọn. Lásìkò tí à ń wí yìí, owó orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní bítíkọ́ìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Ní gbogbo àdúgbò wọn, ènìyàn mẹ́ta péré ló mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: òun, olùkọ́ ìṣirò kan tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà, àti ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń pàdé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe fóònù yìí, wọ́n á máa sọ iye tí kọ́ìnì ti di, iye tó máa dà, àti bí àwọn èrò ìta ṣe gọ̀ tó.

Wọ́n ń wa kọ́ìnì náà fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́lẹ̀ o. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n máa ń tàn tí á máa ṣe ìṣirò tí kò lópin, tí á sì máa gba èérún kọ́ìnì gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣe yára tó ni kọ́ìnì á ṣe wọlé tó. Bó bá sì ṣe yára tó ni yóò ṣe gbóná tó.

Ìgbóná yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Injíníà gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ sí yàrá, ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀.

“Ẹ mú ọ̀kan, Bàbá ilé. Ẹ̀rọ yìí tàbí èmi.”

Injíníà la ẹnu.

“Ẹ má tíì dáhùn. Mo rí i pé ẹ fẹ́ ronú.”

Ibi tó ti ń wá ibi tó máa kó ẹ̀rọ sí ló ti rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sin adìẹ. Ọmọ ọjọ́ kan ni obìnrin yìí máa ń rà, ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan, á tọ́ wọn títí wọ́n á fi yé ẹyin. Òròmọdìẹ kékeré ò sì lè wà láìsí ooru. Gáàsì ni ẹ̀gbọ́n ń tàn sí wọn, gáàsì náà sì ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè rẹ̀ tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ta gbogbo àgbá gáàsì yẹn. Ẹ̀rọ mi mẹ́fà á máa fún yín ní ooru lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sáà jẹ́ kí n lo iná oko yín. Owó tí ẹ ò ní fi ra gáàsì mọ́, ó ju ti iná lọ.”

“Wọ́n ò ní kú sí mi lọ́rùn?”

Ìgbà yẹn ló wá sọ gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ adìẹ náà, ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ìyá Òròmọdìẹ ni gbogbo oko ń pè é. Kì í wo aago tó ń wọn ooru, àwọn ọmọ gan-an ló ń wò. Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n á rọ́ gun ara wọn. Bí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á sá lọ sí ara ògiri, wọ́n á na ìyẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa la ẹnu. Ó rìn yí ká, ó wo yàrá kótópó tí Injíníà kó ẹ̀rọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ, ó wo ojú ihò tí àwọn fáànù ń gbà fẹ́ ooru wọlé.

“Injíníà, tó bá pọ̀ jù ńkọ́? Ibo ni mo ti máa dín in kù?”

“Ọ̀dọ̀ mi ni, Màmá. Ẹ máa wo adìẹ, kí n máa wo ẹ̀rọ.”

“Adìẹ tí ẹ ní kí n máa wò, ṣebí ẹ̀rọ yín ni wọ́n ń bá gbé báyìí.”

Injíníà rẹ́rìn-ín. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ bẹ́líìtì. Ó tún kan pákó mọ́ àwọn fèrèsé ilé adìẹ kí ooru má baà ṣòfò. Bó ṣe ń kàn án ló ń súfèé.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìgbà àkọ́kọ́ dára. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, mẹ́sàn-án péré ló kú, gáàsì ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n ta àwọn àgbá. Injíníà lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí àwọn awakọ́ìnì kárí ayé ti ń fọ́nnu fún ara wọn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń fi kọ́ìnì tọ́ adìẹ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń kan sáárá sí i láti òkè òkun. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Adìẹ. Ó jẹ́ orúkọ náà délẹ̀délẹ̀, ó tilẹ̀ ń rìn bíi bàbá adìẹ.

Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọmọ adìẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, iye tí kọ́ìnì ń jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó di ìlọ́po méjì.

“Ta ìdajì,” Tíṣà wí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. “Ohun tó bá gòkè báyìí, mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tó di àkàbà mú.”

“Ìwọ ni olùkọ́ ìṣirò, o ò mọ̀ ọ́n rò,” ni Injíníà dá a lóhùn. “Wọn kì í tà á nígbà tó bá ń lọ sókè. Wọ́n ń wà á sí i ni.”

Alátùn-únṣe fóònù sún mọ́ ọn. “Ṣé o ti rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó ayélujára? Wọ́n ti rí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà lé ẹ̀rọ kó fi ìdá kan nínú mẹ́ta yára sí i. Ẹni tó bá sáré jù fún wákàtí mẹ́ta gbáko, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá.”

“Ooru ẹ̀ ńkọ́?”

“Ooru kẹ̀? Á ga díẹ̀.”

Injíníà mọ̀ pé kì í ṣe díẹ̀. Èyí ni ibi tó ní ká tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe pé ó ṣe àṣìṣe ìṣirò. Ó jókòó, ó fi bírò ṣe é sórí ìwé, ó rí i pé ilé adìẹ á gbóná ju bó ṣe yẹ lọ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́rin. Ó wo ohun tó kọ, ó ní, “Wákàtí mẹ́ta péré,” ó ká ìwé náà, ó fi sápò.

Kò sí ẹni tó fipá mú un. Kọ́ìnì tó máa rí níbẹ̀ ò ju èérún lọ. Orúkọ tó máa wà lókè yẹn ló ń wù ú.

Ọjọ́ Ẹtì, nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, ó wọ yàrá ẹ̀rọ, ó lé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè, ó tìlẹ̀kùn, ó bọ́ sórí alùpùpù. Ẹ̀gbọ́n ti lọ ra oúnjẹ adìẹ. Ìyá Òròmọdìẹ ń da omi sínú abọ́ àwọn ọmọ.

“Ṣé kò sí nǹkan, Injíníà? Ẹ ń kánjú.”

“Kò sí nǹkan, Màmá. Ẹ máa ṣe dáadáa.”

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ orúkọ Bàbá Adìẹ tó ń gòkè láàárín orúkọ àwọn àlejò. Ipò ogún. Ipò mẹ́rìnlá. Ipò mẹ́jọ. Wọ́n ń pariwo bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Fóònù dún.

“Injíníà, àwọn ọmọ yìí ti ń sún lọ sí ara ògiri o.”

“Eré ni wọ́n ń ṣe, Màmá.”

Ipò márùn-ún. Fóònù tún dún.

“Wọ́n ti ń la ẹnu, Injíníà. Gbogbo wọn ló ń la ẹnu.”

Injíníà wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fi ojú sọ fún wọn pé kí wọ́n gbọ́ tòun. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá, orin ni wọ́n ń kọ.”

Ẹ̀rín bú nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Tíṣà fọwọ́ lu tábìlì. Alátùn-únṣe fóònù ju ara rẹ̀ sẹ́yìn. Injíníà ní òun mọ̀ pé Màmá gbọ́ ẹ̀rín náà, nítorí ẹ̀rín náà ò tíì tán nígbà tó pa fóònù.

Ìgbà kẹta, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ẹ wá ṣílẹ̀kùn yìí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wá báyìí.”

“Mò ń bọ̀.”

Kò lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí wákàtí mẹ́ta pé, ó sì ti wà ní ipò kejì. Ó yí fóònù sí ìdákẹ́jẹ́, ó dà á dojú bolẹ̀ sórí tábìlì. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ wá bọ́ sókè pátápátá, ó dúró kí wọ́n ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà. Ó ní kí wọ́n tún un yà, èyí àkọ́kọ́ ò mọ́lẹ̀ tó.

Ó tó bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ kó tó dé oko. Òjò wínníwínní ti ń rọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Ìyá Òròmọdìẹ ti fi igi ọkọ́ já pákó fèrèsé kan, ó ti fi agbọ̀n kó àwọn ọmọ tó lè kó jáde sí abẹ́ òrùlé páànù tó wà níta. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀ bò wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ìka rẹ̀ níbi tí ìṣó ti ya á.

Kò bú u. Ó ní, “Ẹ ṣílẹ̀kùn.”

Injíníà pa ẹ̀rọ. Ó já gbogbo pákó, ó ṣí fèrèsé gbogbo, ó tan fáànù sóde. Nínú, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ò hàn mọ́ lẹ́bàá ògiri. Àwọn ọmọ ló bò ó.

Ìgbà tí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n fi máa wọlé ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ilé adìẹ ti tutù bí ilé ìdáná tí wọn ò dáná sí. Ohun tí obìnrin náà sì kọ́kọ́ rí ni ọmọ ọjọ́ mẹ́rin nínú agbọ̀n, níta, nínú afẹ́fẹ́ òjò.

“Ta ló kó àwọn ọmọ yìí síta?”

“Èmi ni, Mà,” ni Ìyá Òròmọdìẹ dáhùn. “Ooru ló pọ̀ jù. Mo pe Injíníà títí.”

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́ ilé náà. Ó jáde. “Ooru wo? Ibo ni ooru náà wà?” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Ṣé ó pè ọ́?”

Àyè wà níbẹ̀. Injíníà ní títí di òní, òun ṣì ń rí àyè náà, ó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà ńlá. Kò ju kó sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni” lọ.

“Mo fi fóònù sójú iná, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò gbọ́ ìpè kankan.” Ó wò lọ sí ọ̀nà ibòmíràn. “Ìgbà tí mo dé, pákó fèrèsé ti já, mo bá àwọn ọmọ níta. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òtútù ló pa wọ́n.”

Ìyá Òròmọdìẹ wò ó. Ó mú fóònù rẹ̀ kékeré jáde, ó nà án sí ọ̀gá rẹ̀. “Mà, ẹ wò ó. Ẹ wo iye ìgbà tí mo pè.”

“Kí ni mo fẹ́ fi fóònù ṣe? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọmọ ló kú yìí! Ọdún mọ́kànlá, o wá di ẹni tó ń kó ọmọ ọjọ́ mẹ́rin sínú òjò? Lọ kó ẹrù rẹ.”

Ó kó ẹrù rẹ̀. Injíníà ló gbẹ́ ihò tí wọ́n sin àwọn ọmọ náà sí. Ó gbẹ́ ẹ jìn dáadáa, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́dùn bó ṣe ń gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó tan ẹ̀rọ padà, ó fi í sí ìwọ̀n tó yẹ. Kọ́ìnì ń wọlé.

Lọ́sẹ̀ náà, ìpàdé àwọn olóko adìẹ bọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó kìlọ̀ fún gbogbo wọn nípa obìnrin kan tó pa ọmọ adìẹ òun. Injíníà gbọ́. Ó ní òun máa sọ òótọ́ lọ́la. Lọ́la dé, ó ní ó di ọ̀túnla.

Ọjọ́ kẹwàá ni ọ̀rọ̀ náà tú. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, Injíníà wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń tún fíríìjì rẹ̀ ṣe. Tíṣà àti alátùn-únṣe fóònù wọlé, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n gbé nǹkan kan tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé.

“Ẹ kú oríire o, Mà!” Tíṣà dọ̀bálẹ̀. “A ní ká má dá àbúrò yín nìkan lọ́lá, ẹ̀yin náà lẹ ni ilé adìẹ.”

Injíníà rọra gbé sípánà sílẹ̀. “Tíṣà, ẹ jẹ́ ká jáde síta ná.”

“Jáde lọ síbo? Ìtìjú ń mú un, Mà.”

Ó tú bébà náà. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni, wọ́n ti fi dígí sí i, wọ́n kọ́ férémù aláwọ̀ wúrà yí i ká. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀rí fún ọmọ ilé-ìwé: orúkọ, Bàbá Adìẹ; ipò, àkọ́kọ́; ìgbóná ẹ̀rọ, àádọ́rùn-ún lé mẹ́rin; àkókò, agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

“Ọjọ́ Ẹtì wo?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Èyí tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí, Mà. Àwa gan-an wà níbẹ̀!” Alátùn-únṣe fóònù ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ohun tó fẹ́ sọ. “Ìyá kan tiẹ̀ ń pè é ṣáá lórí fóònù pé àwọn adìẹ ń la ẹnu. Ṣé ẹ mọ̀ pé àbúrò yín ní orin ni wọ́n ń kọ?”

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó wo Tíṣà. Ó wo Injíníà. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò pariwo. Ó gba férémù náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Ó ṣí àpò iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, ó mú òòlù àti ìṣó kan, ó gbé férémù náà kọ́ sí ògiri pálọ̀, ní ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà. Ó sún sẹ́yìn láti wò bó ṣe tọ́.

“Wọ bàtà rẹ,” ló wí.

Yàrá kan ni Ìyá Òròmọdìẹ ń gbé, ó mọ́ tónítóní. Ó ń lọ aṣọ nígbà tí wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ni Injíníà bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò wo fóònù tí wọ́n nà sí òun, ẹ̀bi òun nìyẹn. Ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, òun á fi kún owó rẹ̀.

“Ẹ dìde, Mà. Mi ò lè padà. Bí mo bá ti rí ilé yẹn, màá máa gbọ́ wọn.” Ó gbé ayọ́ọ̀nù nàró. “Oko mẹ́rin ni mo ti lọ wáṣẹ́. Níbì kan, wọ́n ò jẹ́ kí n kọjá géètì. Wọ́n ní èmi ni Ìyá Òtútù.”

“Màá lọ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

“Rárá, Mà. Òun ni mo fẹ́ kó lọ.” Kò wo Injíníà rárá. “Kó fẹsẹ̀ rìn lọ, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tó bá dé orí ọ̀rọ̀ orin yẹn, kó má fò ó.”

Injíníà ta àwọn ẹ̀rọ náà. Ó ta kọ́ìnì tó ní, ó fi ra ọmọ adìẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tíṣà ò ta tiẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ti Tíṣà ti dà báyìí, ẹ bi Tíṣà, Injíníà kì í dá sí ọ̀rọ̀ iye kọ́ìnì mọ́.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sáwọn oko náà, Ìyá Òròmọdìẹ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Oko àkọ́kọ́, olóko náà gbọ́ ọ tán, ó kàn ní, “Ó dáa,” ó ti géètì. Lóko kejì, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Ó jókòó sórí àpò oúnjẹ adìẹ, ó tẹ́tí. Nígbà tí Injíníà parí, ó ní, “Dúró.” Ó pàtẹ́wọ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méje wá, ìyẹ̀fun oúnjẹ adìẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

“Tún un sọ. Àwọn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá náà láàárín ara wọn.”

Ó tún un sọ. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọwọ́ sókè.

“Nígbà tó pè yín, ṣé ẹ gbé e?”

“Mo gbé e.”

“Ẹ wá ní kí ni?”

“Mo ní orin ni wọ́n ń kọ.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí obìnrin tó dúró lẹ́bàá géètì. “Ìyá, ọmọ ọjọ́ kan mi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀?”

“Mo lè bẹ̀rẹ̀, Mà.”

Injíníà mí kanlẹ̀. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó nu ojú, ó yà sí ọ̀nà ilé.

“Ó ku méjì,” ni Ìyá Òròmọdìẹ wí lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, ẹ ti ríṣẹ́ ná.”

“Iṣẹ́ ni mo rí. Orúkọ mi ṣì wà lọ́hùn-ún.”

Wọ́n rìn lọ nínú oòrùn, òun níwájú, Màmá lẹ́yìn. Géètì oko kẹta ga, ó ní irin ṣóńṣó lórí. Injíníà kàn án. Ajá gbó. Ẹnì kan ń wọ́ bàtà bọ̀ láti inú.

“Ta nìyẹn?”

Orúkọ púpọ̀ ni Injíníà yìí ní, ó sì fẹ́ràn gbogbo wọn. Ó ronú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé Màmá ń dúró.

“Èmi ni,” ló wí. “Èmi ni mo pa òròmọdìẹ ẹ̀gbọ́n mi.”